Eruku Tí Mo Jẹ Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Bàbá àgbà ni bàbá mi kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Wọ́n tú bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá àgbà ló kọ ọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú báírò aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń kọ gbogbo nǹkan. Ilẹ̀ oko, ti àwọn ọmọ. Rédíò, ti Màmá àgbà. Aago ara ògiri, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni bàbá mi dánu dúró, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo bébà, kí wọ́n tó wá kà á jáde: "Kẹ̀kẹ́ mi, kí ẹ fún Kúnlé. Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́, kí ẹ fún Jídé."

Èmi ni Jídé. Pọ́ńpù ni wọ́n fún mi.

Kúnlé, ọmọ àǹtí mi, tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì, tó ní eyín funfun, tó ní ọ̀rẹ́bìnrin méjì tí wọn ò tíì mọ ara wọn, òun ló gba kẹ̀kẹ́. Èmi tí Yunifásítì kan náà lé jáde ní pátì tuù, ìyẹn ọdún kejì, tí mi ò ní ọ̀rẹ́bìnrin kankan tó lè mọ ẹnìkan, èmi gba ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá ti jẹ irú ogún yìí rí kó wá kí mi, ká jọ sunkún.

Nítorí náà, kí ẹ tó kà jìnnà, ẹ mọ̀ pé owú ló ń kọ ìwé yìí. Àwọn ẹbí ti kọ tiwọn sínú ìwé pẹlẹbẹ tí a pín níbi ìsìnkú: ibi tí wọ́n bí Bàbá sí, iléèwé tí wọ́n lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ ló péye. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí Bàbá nínú ẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Kò sì sí odò.

Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ni yíyẹ kòkó wò fún ìjọba. Láti abà dé abà, lẹ́bàá Odò Ọ̀pá, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń wà. Wọ́n á la kòkó méjì-mẹ́ta sí méjì, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á fajú ro, àgbẹ̀ tó ni kòkó á máa làágùn. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n lọ sinmi, wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n tún gbé kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Kò sí kòkó tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò mọ́. Wọ́n kàn ń lọ ni.

Ọ̀nà yẹn ò ní ọ̀dà. Yangí ni látòkèdélẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ táyà, odò lápá òsì, oko kòkó lápá ọ̀tún, títí ẹ ó fi dé Aba Alágbọn. Lọ́jọ́ tí ara Bàbá bá yá, wọ́n á jáde sí títì Ìbàdàn, wọ́n á lọ jẹ ọsàn ní Ẹ̀dúnàbọ̀n kí wọ́n tó yí padà. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún o! Pẹ́ẹ̀gì tí Màmá àgbà fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi ń há ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí ṣéènì má bàa mú un. Iṣu sísè tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ló máa ń wà lórí kárìà, wọn ò sì ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́bàá odò ni wọ́n ń kí, àti ẹni tó ń fọṣọ, àti ẹni tó ń ré ẹ̀fọ́, àti ẹni tó lọ ṣe ohun tí a kì í kí èèyàn nídìí ẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà tó bá pàdé wọn máa ń ṣàánú wọn.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká gbé yín débi tí ẹ̀ ń lọ!"

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ síbì kan?" ni Bàbá máa ń dá wọn lóhùn.

Ká má parọ́, èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó jowú lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Màmá àgbà ló bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá ni kẹ̀kẹ́ máa ń sùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n fọ̀ mọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un. Orogún ni Màmá àgbà ń pè é. Bílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á kí i:

"Orogún mi, ṣé o jí ire? Ṣé ọkọ wa jẹ́ kí o sùn?"

Bàbá á lóṣòó síbẹ̀, wọ́n á máa fi òróró nu ṣéènì, wọn ò ní gbójú sókè.

"Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń ní kí ẹ bá mi fi òróró pa ẹ̀yìn," ni Màmá á tún wí.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ ń dún kíín-kíín ni?"

"Ó máa bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Tó bá ti ń dún, pè mí," ni Bàbá wí, wọ́n sì yí pẹ́dàlì wò.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé Bàbá bá ẹnìkan jà tí wọn ò parí ni ìjà àwọn àti fọkanáísà tó wà ní ìkóríta wa. Ó fi ẹ̀rọ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ Bàbá títí tó fi le gbandi bí odó, ó wá fi ọwọ́ lù ú, inú ẹ̀ dùn. Bàbá gùn ún dé ẹ̀bá odò. Yangí àkọ́kọ́ tí táyà bá pàdé ló ta á dànù, Bàbá ṣubú, awọ ìgbònwọ́ bó. Wọ́n tì í padà wá sí ìkóríta pẹ̀lú erùpẹ̀ lójú.

"Ta ló ní kí o sọ táyà mi di òkúta?"

"Háà, Bàbá, táyà tó bá le ló ń sáré o!"

"Lórí ọ̀dà! Wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé ọ̀dà lo rí lára ẹ̀?"

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹ̀rọ tó tún kan táyà yẹn. Pọ́ńpù ọwọ́ nìkan ni, èyí tí wọ́n há mọ́ irin kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ tán, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọlé díẹ̀, bí ìgbà téèyàn tẹ ọsàn tó pọ́n, ó tó fún ọ̀nà odò nìyẹn. Táyà tó bá rọ̀ níwọ̀nba á gba òkúta mọ́ra, á sì kọjá lórí ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó bá le á máa bá gbogbo òkúta tó wà lọ́nà jà, òkúta á sì borí. Ó gbà mí ní odindi oṣù kan kí àtàǹpàkò mi tó mọ ìwọ̀n yẹn. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo yege nínú ẹ̀ láyé mi nìyẹn, wọn ò sì fún mi ní sábúkéètì. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, Bàbá náà á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Ó tó."

Ibì kan tún wà lọ́nà Aba Alágbọn tí odò kékeré kan ti gé ọ̀nà kọjá láti lọ bá Ọ̀pá. Omi ibẹ̀ ò ju orúnkún lọ. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn ún já a. Bàbá ò jẹ́. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á so ó kọ́ ọrùn, wọ́n á wá gbé kẹ̀kẹ́ dúdú gìrìwò yẹn lé èjìká ọ̀tún, wọ́n á rọra wọ́dò. Wọ́n ní omi kò gbọ́dọ̀ wọ àwọn irin róbótó-róbótó tó wà láàárín wíìlì, pé ó máa dípẹtà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe tìyẹn nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ò tó kókósẹ̀ pàápàá, wọ́n ń gbé e. Ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n nínú omi, èmi ọ̀dọ́mọkùnrin á dúró sẹ́yìn bí òpó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, ẹ jọ̀ọ́."

"Òun ló gbé mi dé ibí," ni wọ́n wí. "Kí èmi náà gbé e kọjá."

Ẹ̀yin náà á ti máa bi ara yín pé báwo ni ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì ṣe dé ẹ̀bá odò. Ẹ ṣe sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀, ojú ló ń tì mí.

Lẹ́tà ni Yunifásítì kọ sí mi. Lẹ́tà tó gùn, tó kún fún ọ̀wọ̀, tó ní kí n máa lọ sílé bàbá mi. Ká sòótọ́, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìgbà kan ṣoṣo tí èmi àti Kúnlé jọ ṣe dọ́gba lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni ìgbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ nílé. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé lọ́yà ni mo máa jẹ́. Torí náà, láràárọ̀, mo ń wẹ̀, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, mo ń gbé báàgì kọ́ èjìká, Màmá àgbà á gbàdúrà lé mi lórí pé ohun tí mo bá kà á dúró. Ẹ̀bá odò ni mo ń lọ. Mo rí igi kan tó ní ìbòòji, mo fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, mo sùn. Ìgbà yẹn nìkan ni ìwé òfin wúlò fún orí mi.

Àárọ̀ Túsìdeè kan, mo gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ lójú oorun. Mo lajú, táyà ló wà níwájú imú mi. Mo gbójú sókè díẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ. Bàbá wo ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo báàgì, wọ́n wo itọ́ tó ti gbẹ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Olùkọ́ wa ló ní..."

"Táyà ẹ̀yìn yìí ti rọ̀," ni wọ́n wí. "Bá mi fẹ́ ẹ."

Wọ́n yọ pọ́ńpù, wọ́n nà án sí mi. Mo fẹ́ ẹ. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dé. Táyà ẹ̀yìn tún ti rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Lọ́jọ́ karùn-ún ó sú mi, mo tú tíúbù jáde, mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú odò láti wá ibi tó ti ń yọ hóhò. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí hóhò kankan.

"Bàbá, táyà yìí ò jò o."

"Ó ń jò. Máa fẹ́ ẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọwọ́ kan gun tiwọn, wọ́n fi ọwọ́ kejì fa kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́, ti ayálégbé wa. Kò ní máàgáàdì, rọ́bà ni wọ́n fi so ìjókòó ẹ̀ mọ́ irin. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ sùn, kí n wò ó bóyá mo lè sùn lórí ìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni èmi àti Bàbá fi gun ọ̀nà yẹn láràárọ̀, àwọn níwájú, èmi lẹ́yìn. Wọn ò dárúkọ Yunifásítì lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá dé ilé, bí bàbá mi bá bi mí pé báwo ni kíláàsì, Bàbá àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Bí ilé ṣe gbọ́ nìyí: ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, bàbá mi dúró láàárín àgbàlá.

"Oṣù mẹ́ta! Níbo lọmọ yìí ń lọ láràárọ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta?"

"Ọ̀dọ̀ mi," ni Bàbá àgbà wí láti orí àga wọn.

"Ẹ mọ̀ sí i, Bàbá?"

"Mo mọ̀ sí i."

"Ẹ mọ̀ sí i, ẹ ò sọ fún èmi tí mo bí i! Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe bí òmùgọ̀ káàkiri ìlú!"

Mo ti dọ̀bálẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ní "oṣù mẹ́ta". Ilẹ̀ àgbàlá wa ni mò ń wò, mò ń ka èèrà. Mo rò pé Bàbá àgbà máa bẹ̀bẹ̀ fún mi, pé wọ́n máa ní ọmọdé ni, kí wọ́n foríjì mí. Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, débi pé bàtà wọn ń kan ìgbáròkó mi.

"Fún oṣù mẹ́ta yìí," ni wọ́n wí, "kò pa iléèwé tèmi jẹ lọ́jọ́ kan."

Bàbá mi jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe fótókópì nítòsí géètì Yunifásítì. Wọn ò purọ́ pé mo mọ̀wé. Wọ́n ní, "Ó máa ń tètè dé." Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní, tí mò ń ṣe fótókópì ìwé àwọn tí wọn ò lé. Gbogbo ìwé ẹ̀yà ara tí Kúnlé fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ọwọ́ mi ló gbà kọjá. Mo ti rí ẹ̀dọ̀ èèyàn nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mi ò mọ ohun tó ń ṣe.

Iṣẹ́ yẹn ló sọ ìrìn àjò wa di ọjọ́ Sátidé nìkan. Sátidé náà ni Kúnlé wá dara pọ̀ mọ́ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Kúnlé ń wá? Ó ní gbogbo Yunifásítì láti fi ṣeré. Ó dé láti họ́sítẹ́ẹ̀lì lórí kẹ̀kẹ́ onígíà tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó wọ gíláàsì dúdú, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ máa ń lọ sódò."

"Dókítà!" ni Bàbá pariwo. Dókítà! Ẹni tí ò tíì fún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́. "Bọ́ síwájú, Dókítà. Mú wa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ọjọ́ náà. Kúnlé níwájú, Bàbá láàárín, èmi lẹ́yìn. Ní ọ̀nà yangí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin ẹ ò mọ ohun tí ẹ̀yìn túmọ̀ sí. Gbogbo eruku kẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀fun mi ló ń gbà á. Mo máa délé pupa látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kúnlé á mọ́ féfé, á sì jẹ nínú iṣu Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣu inú ìwé ìròyìn! Bàbá bù ú fún un! Èmi tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ yìí, tí mo mọ gbogbo ihò tó wà níbẹ̀ bí ẹni mọ ẹnu ara ẹ̀, mo dúró, mò ń nu eyín.

Mo bi Bàbá nígbà kan. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. A ń sinmi lẹ́bàá omi, Kúnlé lọ ré ewé.

"Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló máa ń wà lẹ́yìn?"

Wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, nítorí etí wọn òsì ti di pátápátá, ọ̀tún náà ti ń lọ. Nígbà tí à ń padà, típà tó ń kó yanrìn odò yọ lẹ́yìn wa, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Bàbá ò lè gbọ́ ọ. Mo tẹ agogo kẹ̀kẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, kíkan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Agogo tó mú nìkan ló ṣì ń wọ etí wọn ọ̀tún. Bàbá yà sínú koríko láì bojú wẹ̀yìn. Kúnlé ti bojú wẹ̀yìn ní tiẹ̀, ó rí típà, ó sì fẹ́ẹ̀ já sínú odò.

"Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn!" ló ń pariwo. "Ẹ ò tiẹ̀ wò ó!"

"Wo kí ni?" ni Bàbá dá a lóhùn. "Ṣebí Jídé wà níbẹ̀."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Kò tó mi. Iṣu ni mò ń rò.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kọ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ayálégbé wa kó lọ, ó gbé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé ẹ̀ dání. Ó ku kẹ̀kẹ́ dúdú nínú yàrá, ó ku Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ wọn máa ń wà lórí wíìlì ẹ̀yìn, bí ẹni dọwọ́ lé orí ọmọ. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè mí.

"Táyà ẹ̀yìn yìí ti rọ̀. Bá mi fẹ́ ẹ."

Kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gùn! Mo fẹ́ ẹ, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tó. A ó wá jókòó, wọ́n á máa bi mí nípa odò, bóyá omi ti kún, bóyá wọ́n ti tún afárá igi Aba Alágbọn ṣe. Màmá àgbà á wò wá láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Orogún mi ló tún ń gba àlejò."

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni Bàbá lọ. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń ṣe fótókópì. Ta ló wà níbẹ̀? Kúnlé. Kúnlé ló di ọwọ́ wọn mú, Kúnlé ló gbọ́ èémí tó kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò dáa kéèyàn jowú irú ìyẹn. Mo jowú ẹ̀. Mo ṣì ń jowú ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lẹ́yìn náà ni bébà, lẹ́yìn náà ni pọ́ńpù. Mo ti sọ ìyẹn. Mo gbé pọ́ńpù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì búra pé mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Sátidé kẹta lẹ́yìn ẹ̀, ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

"Jídé, ṣé o wà nílé?"

"Mi ò sí nílé."

"Mò ń gbọ́ ohùn ẹ."

"Pọ́ńpù ló ń sọ̀rọ̀."

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Kúnlé ló dúró síbẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ dúdú dání, wọ́n fi báńdéèjì wé ìgbònwọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ sì ti bó lápá kan. Táyà ẹ̀yìn ti délẹ̀ pátápátá. Mo wo táyà iwájú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé rárá.

"Ta ló fẹ́ ẹ fún ẹ?"

"Fọkanáísà ìkóríta. Ó fẹ́ méjèèjì. Ó ní ó ti le dáadáa."

Ẹ̀rín tí mo rín, mo ní láti jókòó sílẹ̀. Mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mi ò mọ irú omi tó jẹ́ mọ́. Kúnlé náà jókòó tì mí.

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó lọ, wọ́n sọ fún mi," ló wí. "Wọ́n ní tí táyà bá rọ̀, ọ̀dọ̀ Jídé ni kí n gbé e wá. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

"Wọ́n fún ẹ ní kẹ̀kẹ́."

"Wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́. Kí ni mo máa fi ṣe? Èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀." Ó ń tú báńdéèjì ẹ̀, ó tún ń wé e. "Ṣé o mọ̀ pé mo máa ń jowú ẹ? Iwájú ni ẹ máa ń lé mi sí, kí ẹ̀yin méjèèjì lè máa bára yín rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo máa ń gbọ́ yín."

Mo wò ó. Oṣù àti oṣù tí mo fi ń jẹ eruku, òun náà ń jẹ nǹkan níwájú. Ó yẹ kí n ṣàánú ẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Mo mú pọ́ńpù jáde. Mo fẹ́ tẹ̀yìn, mo dín ti iwájú kù, mo tẹ méjèèjì. Kúnlé gun kẹ̀kẹ́, mo jókòó sórí kárìà, a gba ọ̀nà odò lọ, yangí ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ wa, táyà ń gba òkúta mọ́ra. Nígbà tí a dé ibi tí omi gé ọ̀nà, Kúnlé ò dín eré kù.

"Dúró! Sọ̀ kalẹ̀."

"Omi ò tó orúnkún."

"Mo ní sọ̀ kalẹ̀, Dókítà."

Mo bọ́ bàtà, mo so ó kọ́ ọrùn, mo gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká ọ̀tún. Ó wúwo gan-an. Irin ẹ̀ bọ́ sí ojú ibì kan lára egungun èjìká, mo wá mọ ìdí tí èjìká Bàbá ọ̀tún fi rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Láàárín omi ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Kúnlé na ọwọ́ láti bá mi dì í mú, mi ò jẹ́. Ní òdìkejì mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo nu wíìlì, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín. Owú tún gbé mi bí iná.

Nígbà tí a padà délé, Kúnlé wọlé lọ kí Màmá àgbà. Mo dá wà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ wíìlì ẹ̀yìn, mo fẹ́ ṣe ìkà díẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan máa ń wà ní ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà, tí wọ́n ṣe ara ẹ̀ ní gbágungbàgun kí ìka má bàa yọ̀. Téèyàn bá tú u díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jáde ní ìwọ̀nba. Mo fọwọ́ kàn án. Ara ẹ̀ ń dán. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí owó ẹyọ àtijọ́, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ò lè yí i pa, abájọ tí afẹ́fẹ́ fi tán nínú ẹ̀ lọ́wọ́ Kúnlé. Mo lọ fọwọ́ kan ti iwájú: ó ṣì gún mi lọ́wọ́, gbágungbàgun ẹ̀ pé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Táyà yẹn ò jò rí. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dé ibi tí mo sùn sí, Bàbá á ti sọ̀ kalẹ̀ níbì kan lójú ọ̀nà, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ wíìlì pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì aṣọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á ti tú nọ́ọ̀tì yẹn. Lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ọwọ́ tí mo rò pé wọ́n fi ń pọ́n kẹ̀kẹ́ lé, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Kúnlé tó ń bọ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì náà. Kì í ṣe púpọ̀. Ìwọ̀n tó máa gbé e dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí kò ní gbé e ju ibẹ̀ lọ. Mo dìde, mo gbọn eruku ìdí mi.

"Dókítà," mo ní, "táyà ẹ̀yìn yìí ń jò o. Tó bá di Sátidé, gbé e wá kí n bá ẹ fẹ́ ẹ."